Ògiri Tó Wà Lójú Fèrèsé Mi

Irọ́ kan wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí káńsù. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, kò ju ìlà méjì lọ, òtítọ́ sì ni gbogbo ohun tó kù nínú lẹ́tà náà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí. Bí wọ́n bá ní kí ẹni tó ní ẹ̀rí jáde wá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ náà a máa bojú wo ibi tí mo jókòó sí. Wọ́n ń retí kí n wá sọ bí mo ṣe bá káńsù fà á títí tí wọ́n fi kọ̀wé àforíjì sí mi. Lóòótọ́, wọ́n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè jẹ́rìí sí apá kan kí n gbé apá kejì pamọ́, ìdí nìyẹn tí n kò fi tíì dìde.

Gúúsù ìlà-oòrùn London ni mò ń gbé. Ọdún 1999 ni èmi àti ọkọ mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ra ilé náà. Ilé ayé Queen Victoria ni, irú èyí tí wọ́n kọ́ mọ́ ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ títì dé òpin. Ẹni tó bá ti dé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí mọ bí ẹ̀yìn wọn ṣe máa ń rí. Iwájú ilé gba gbogbo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìdáná tó yọ sẹ́yìn kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àlàfo tóóró kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlàfo ti aládùúgbò wà ní òdìkejì, fẹ́ǹsì pákó ló pààlà àwọn méjèèjì. Fèrèsé ilé ìdáná mi kò kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gbẹ́ ló kọjú sí, síbi àlàfo méjèèjì yìí. Ọ̀kan ṣoṣo náà ni, òun ló sì ń gba oòrùn àárọ̀ wọlé fún wa.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ òru. Bí mo bá dé láàárọ̀, n kì í tètè lọ sùn. Ìdí tábìlì tó wà lábẹ́ fèrèsé yẹn ni mo máa ń jókòó sí, tí n ó máa mu tíì, tí oòrùn á máa kàn mí lápá. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣa ẹ̀wà, ibẹ̀ ni mo ti ń ka Bíbélì. Mo gbin efinrin sínú ìkòkò méjì, mo gbé wọn sí ojú fèrèsé náà. Nígbà tí àìsàn dá ọkọ mi wó ní 2016, ibẹ̀ ló ní kí n máa gbé àga òun sí láràárọ̀, ó ní ibẹ̀ nìkan ni òtútù kì í ti í mú òun nínú gbogbo ilé. Ibẹ̀ náà ni a ti jọ sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a sọ kẹ́yìn. Nítorí náà, nígbà tí mo kọ̀wé pé ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yẹn ṣe pàtàkì sí mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ní 2018 ni Bàbá Ìbejì àti ìyàwó rẹ̀ ra ilé tó wà ní ẹ̀gbẹ́ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni ọmọ náà. Bó ti wù kó máa sáré lọ síbi iṣẹ́ tó, yóò dúró, yóò tẹríba, “Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?” Gbogbo ọjọ́rú ló máa ń bá mi gbé ìdọ̀tí mi jáde sẹ́nu ọ̀nà kí ọkọ̀ tó wá kó o, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. 

Ó kan ilẹ̀kùn mi ní ọjọ́ Sátidé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ kọ́ ilé díẹ̀ kún ẹ̀yìn. Màmá mi ń bọ̀ láti ilé. Orúnkún wọn ò gba àtẹ̀gùn mọ́. Yàrá ìsàlẹ̀ àti balùwẹ̀ la fẹ́ ṣe fún wọn.”

Mo ní, “O ṣeun tí o wá sọ fún mi. Ọlọ́run á mú Màmá dé láyọ̀.”

“Àmín, mà. Káńsù máa kọ̀wé sí yín, ẹ ó sì rí pùláànù rẹ̀.”

N kò béèrè bí ó ṣe máa ga tó. Òun náà kò sọ. Mo súre fún un, ó lọ.

Lẹ́tà káńsù kò dé. Mo ń ti ìdí bọ́ọ̀sì bọ̀ ní oṣù karùn-ún nígbà tí mo rí ìwé kan tí wọ́n so mọ́ òpó iná níbi ìkóríta títì wa, òjò ti pa á, ó ti ń ká. Nọ́ńbà ilé Bàbá Ìbejì ni mo rí lórí rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni òfin fún àwọn aládùúgbò láti sọ tẹnu wọn. Nígbà tí mo ka ọjọ́ tí wọ́n so ó, ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé òfin ọdún 2015 tó ń darí ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ England kò fi dandan lé méjèèjì fún irú iṣẹ́ kékeré báyìí. Káńsù lè kọ lẹ́tà sí ẹni tí ilẹ̀ wọn jọ pààlà, wọ́n sì lè so ìwé mọ́ ìtòsí ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe ọ̀kan, wọ́n ti ṣe tiwọn. Òpó iná tó wà ní ìkóríta, tí ìyá àgbà kan lè kọjá fún ọ̀sẹ̀ méjì láìgbójú sókè, tó lójú òfin.

Ọmọbìnrin mi bá mi ṣí pùláànù náà lórí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe ẹ̀yìn nìkan ni ilé tuntun náà gùn dé. Ó yí wá sí ẹ̀gbẹ́, ó gba gbogbo àlàfo, ó wá fi ògiri tó lé ní mítà mẹ́ta lélẹ̀ lórí ààlà wa. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ló fà á gùn, tí kò sì ju mítà mẹ́ta lọ, òfin fún irú ilé wa láyè láti kọ́ ọ láìgba ìwé àṣẹ rárá, n kò bá sì ti ní ohun kan láti sọ. Apá tó yí wá sí ẹ̀gbẹ́ yẹn ló mú ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ káńsù. Mo wo àwòrán náà títí. Ilé mi wà níbẹ̀, òrùlé mi wà níbẹ̀, ògiri ilé ìdáná mi wà níbẹ̀. Fèrèsé mi nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ògiri pẹlẹbẹ ni wọ́n yà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lóru ọjọ́ náà. Mo kọ ìpínrọ̀ márùn-ún lórí ìmọ́lẹ̀. Mo wọn fèrèsé, mo wọn ibi tó jìnnà sí fẹ́ǹsì tó, mo sọ pé àwòrán wọn kò fi hàn, mo ní kí ẹnì kan wá wò ó. Bí mo bá dúró níbẹ̀, ǹ bá lè gbé orí mi sókè títí dòní. Ọ̀rẹ́ mi kan pè mí lórí fóònù, mo kà á fún un. Ó ní, “Ìmọ́lẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa ń gbọ́ o. Sọ fún wọn pé ayálégbé ló fẹ́ kó síbẹ̀. Kíá ni wọ́n máa kọ̀ ọ́.” N kò bá a jiyàn. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà pé gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ọkùnrin yìí fẹ́ pín ilé náà sí yàrá yàrá fún àwọn ayálégbé.

Àdúgbò kankan kò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀ nípa ilé náà, ohun tí mo sì mọ̀ ni pé ìyá arúgbó ló ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀. Ẹnu ọ̀nà mi ni ọmọ rẹ̀ ti sọ fún mi. Mo ti ṣe àdúrà fún un. Mo tẹ bọ́tìnnì, lẹ́tà lọ.

Mo ti bi ara mi léèrè ìdí tí mo fi ṣe é. Mushin ni mo dàgbà sí, nínú ilé tí bàbá mi kọ́. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé ilé alájà sókè títí tí kò fi ku àyè tí ènìyàn lè na apá sí láàárín wa. Bàbá mi lọ fẹjọ́ sùn. Wọ́n wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri ọkùnrin náà, wọ́n lọ. Àjà kejì gun orí ọ̀dà pupa yẹn, wọ́n sì rẹ́ ẹ. Bàbá mi ní òun kò rí ẹni fún lówó ni. Láti ìgbà náà ló ti wà lọ́kàn mi pé òtítọ́ nìkan kì í dá ẹjọ́ rò lọ́dọ̀ ìjọba, àfi kí ènìyàn fi nǹkan mìíràn tì í lẹ́yìn. Mo sọ èyí nítorí pé òótọ́ ni. Kò sọ ohun tí mo ṣe di rere. Ìbínú náà wà níbẹ̀. Inú ń bí mi pé ọmọ tí mo súre fún ti mọ gíga ògiri yẹn nígbà tó dúró níwájú mi, kò sì sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni òfin fún káńsù láti dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Wọ́n dáhùn ní oṣù keje, òṣìṣẹ́ kan ló fọwọ́ sí i, kò dé iwájú ìgbìmọ̀ àwọn káńsẹ́lọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí mi. Oṣù kẹsàn-án ni mo gbọ́, nígbà tí ìwé òfin ògiri àjọni ti ọdún 1996 dé láti ọ̀dọ̀ sọ̀fíyọ̀ Bàbá Ìbejì, pé wọ́n ń bọ̀ wá gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ìwé yẹn kì í dá ilé dúró. Ó kàn ń sọ bí iṣẹ́ ṣe máa lọ tí ògiri ẹnìkejì kò fi ní bàjẹ́. Ìgbà náà ni mo tó lọ wo ìdáhùn káńsù, mo sì ka ìwé àlàyé tí òṣìṣẹ́ náà kọ.

Ó ní kò sí fèrèsé yàrá kankan tí iṣẹ́ náà máa ṣókùnkùn sí. Ó wá kọ ọ́ pé àtakò kan wọlé, pé ẹni tó kọ ọ́ ń bẹ̀rù pé wọ́n máa fi ilé náà gba ayálégbé, pé èyí kì í sì í ṣe ohun tí ètò ìkọ́lé lè gbé yẹ̀ wò nítorí ìbéèrè náà kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ lò ó.

Kò sí ohun mìíràn nípa lẹ́tà mi. Ìpínrọ̀ márùn-ún lórí ìmọ́lẹ̀, kò mẹ́nu kan ọ̀kan. Irọ́ mi nìkan ló mú.

Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yẹn, ara mi ń gbọ̀n. Ohun méjì ló dé sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, n kò sì rí èyí tó wúwo jù. Ọ̀kan ni pé káńsù ti ṣe mí níkà. Ìmọ́lẹ̀ tí ilé ẹni máa pàdánù wà lára ohun tí òfin ní kí wọ́n gbé yẹ̀ wò, bíi kí ẹnìkejì máa yọjú wo inú ilé ẹni, bí ariwo, bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lójú títì. Ohun tí wọn kì í wò ni iye owó tí ilé ènìyàn máa jábọ́ sí, tàbí irú ẹ̀dá tí ẹni tó fẹ́ kọ́lé jẹ́. Ọ̀rọ̀ mi bọ́ sí apá tó tọ́, wọ́n sì fò ó. Ìkejì ni pé èmi ni mo gbé ohun tí wọ́n fi ṣe àwáwí lé wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀sùn sùn, ìkíní nìkan ni mo ń sọ.

Ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ kò ní ẹ̀tọ́ ìpẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nílẹ̀ yìí. Ẹni tó béèrè àṣẹ nìkan ló ní in, bí káńsù bá kọ̀ fún un. Ilé ẹjọ́ gíga wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni àyè rẹ̀, ó sì ti kọjá kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti fọwọ́ sí i. Owó tó máa ń ná ènìyàn pàápàá, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì kò lè dá a lábàá. Ohun tó kù fún mi ni ọ̀nà ẹ̀sùn inú káńsù fúnra rẹ̀, ìpele méjì. Ní ìpele kìíní, wọ́n ní àwọn fi lẹ́tà ránṣẹ́, àwọn sì so ìwé mọ́ òpó, pé ní ti ilé ìdáná, kì í ṣe yàrá tí ènìyàn ń gbé. Oṣù méjì ló gbà wọ́n kí wọ́n tó kọ èyí. Ní ìpele kejì, ọ̀gá mìíràn tún ohun kan náà kọ ní ọ̀nà tó gùn jù.

Kì í ṣe yàrá tí ènìyàn ń gbé! Mo ka ìwé ìtọ́sọ́nà BRE lórí ìmọ́lẹ̀, èyí tí àwọn káńsù fúnra wọn ń tọ́ka sí, tí ọmọ mi bá mi wá. Ilé ìdáná wà lára àwọn yàrá tó ní kí wọ́n wo ìmọ́lẹ̀ wọn, òun pẹ̀lú pálọ̀ àti yàrá ìbùsùn. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti lo àárọ̀ rẹ̀ ìkẹyìn. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ti dúró sí ẹ̀yìnkùlé mi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ì bá rí gíláàsì. Bóyá ì bá sì tún fọwọ́ sí i, bóyá ì bá ní kí wọ́n dín ògiri náà kù ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé kò wò ó. Ènìyàn lè gba ìdájọ́ tí kò gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n dájọ́ fèrèsé tí wọn kò mọ̀ pé ó wà, èyí kò ṣe é gbà.

Lóṣù kìíní 2023 ni ògiri náà bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Bíríkì ń gun orí ara wọn lójú mi. Mo ń ya fọ́tò lójoojúmọ́ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ní ìparí oṣù náà, mo ní láti tan iná kí n tó lè rí òkúta nínú ẹ̀wà. Efinrin mi na ọrùn tóóró, ewé rẹ̀ ń pọ́n, kí oṣù kẹta tó parí ó ti kú.

Ní oṣù kẹrin mo kọ̀wé sí Ombudsman tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Láti ọdún 1974 ni irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ti wà, wọn kì í gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín oṣù méjìlá tó mọ ohun tí wọ́n ṣe sí i, lẹ́yìn tí káńsù bá ti sọ tẹnu wọn. Wọn kì í béèrè bóyá ìpinnu káńsù dára. Bí wọ́n ṣe dé ìpinnu náà ni wọ́n ń tọ pinpin, wọn kò sì lágbára láti gba ìwé àṣẹ padà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti fún. Mo mọ̀ pé ògiri kò ní wó.

Obìnrin tó mú ẹ̀sùn mi pè mí lórí fóònù ní oṣù kẹsàn-án. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ti ka gbogbo rẹ̀ fínnífínní, ó bi mí nípa fèrèsé, mo dáhùn. Ó wá bi mí pé, “Àwọn ayálégbé tí ẹ kọ̀wé nípa wọn ńkọ́, ṣé wọ́n ti kó wọlé?”

Ìyá Bàbá Ìbejì ti dé láti oṣù kẹfà. Bí mo ti gbé fóònù sétí yẹn, mo ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn ògiri náà, wọ́n ń kọ orin ìyìn ní ohùn kékeré, bí àwọn ìyá àgbà ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá dá wà.

Mo ní, “Kò sí ayálégbé níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni.”

“Ṣé ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí nígbà tí ẹ kọ lẹ́tà yẹn?”

Mo lè ní n kò mọ̀. Ta ni yóò já mi? Orin náà kò dáwọ́ dúró.

Mo ní, “Mo mọ̀.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́ pé mo sọ ọ́, ó sì tẹ̀ síwájú sórí ìbéèrè tó kàn.

Oṣù kọkànlá ni ìdájọ́ wọn jáde. Wọ́n ní káńsù jẹ̀bi: kò sí àmì kankan pé òṣìṣẹ́ náà mọ̀ pé fèrèsé wà níbẹ̀, ó sì fo ohun tí mo kọ lórí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ìpinnu ì bá yàtọ̀. Káńsù ní láti tọrọ àforíjì, kí wọ́n sì san ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn fún mi. Wọ́n ṣe méjèèjì. Ọmọ mi jó. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá mi yọ̀. Mo gbé ìwé àforíjì náà sórí tábìlì ilé ìdáná, mo tan iná kí n lè kà á.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí n tó lè kan ilẹ̀kùn Bàbá Ìbejì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Òun ló ṣílẹ̀kùn, ó tẹríba, ó mú mi wọ yàrá tuntun náà lọ kí Màmá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n súre fún mi gan-an. Yàrá náà mọ́lẹ̀ rekete, gíláàsì ni wọ́n fi ṣe lára òrùlé rẹ̀. Balùwẹ̀ wà nítòsí bẹ́ẹ̀dì, irin tí wọ́n ń dì mú wà lára ògiri, ògiri tèmi yẹn.

Mo ní, “Bàbá Ìbejì, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí o fẹ́ kọ́ ibí yìí, mo kọ̀wé sí káńsù pé ayálégbé lo fẹ́ kó sínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. O ti sọ fún mi pé Màmá ló ń bọ̀. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.”

Ó wolẹ̀. Ó ní, “Mo ti rí i, mà.”

“Nígbà wo?”

“Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹ kọ ọ́. Gbangba ni wọ́n máa ń gbé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí, ẹnikẹ́ni ló lè kà á.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọjọ́rú lọ́kàn mi, láti oṣù karùn-ún ọdún 2022. Kò sí èyí tí kò bá mi gbé ìdọ̀tí jáde nínú wọn. Kò sí àárọ̀ tó rí mi tí kò kí mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn kò jáde.

Màmá na ọrùn láti orí àga wọn. Etí wọn kò gbọ́ dáadáa mọ́. “Kí ni wọ́n ń sọ?”

Ó ní, “Ọ̀rọ̀ ilé ni, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn wá àga, wọ́n ti ń dúró jù.”